Igi Àna ni Wọ́n Fẹ́ Kí N Gbé Ka Orí Ìyá Mi

Ọkọ mi fẹ́ kí n di ẹrù igi, kí n fọwọ́ ara mi gbé e ka orí ìyá tó bí mi, lójú gbogbo ìlú. Mo ti sọ ọ́. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba aláìmọ̀kan nímọ̀ràn lójú ìwé yìí, ẹ fara balẹ̀ bá mi rò ó, torí orí tèmi ti dàrú... Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń bá mi kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Dásà níbí, ọ̀dọ̀ yín lódìkejì ẹnubodè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kó ọjà wá, ìwé ìròyìn yín ni wọ́n sì fi ń di ọṣẹ fún wa, ibẹ̀ la ti ń kà yín. Yorùbá tiwa lẹ́sẹ̀ òkè yìí ò rí bíi tiyín tán, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó bá mi tún un tò. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wádìí orúkọ mi, ẹni tí wọ́n bá rí tó ń rojọ́ ìlú ránṣẹ́ sí òkèèrè láyé tí a wà yìí, ẹ mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Láti ìgbà tí Révolution, ìjọba àwọn ológun yìí, ti dé ni wọ́n ti máa ń gbé Ọ̀sẹ̀ Sínímà wá sí ẹsẹ̀ òkè wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á ta aṣọ funfun ńlá kan, wọ́n á gbé gúrúùpù, ẹ̀rọ tó ń fún sínímà níná, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, àwọn èèyàn á sì máa rọ́ wá láti Tré, láti Paouignan, àwọn mìíràn á gbé ọmọ pọ̀n rìn láti oko. Sínímà àgbẹ̀, sínímà ogun, sínímà ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn èèyàn ń wọ aṣọ bí ẹni ń sá fún ikú nítorí òtútù... Mi ò ní purọ́, a fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ yẹn, bí àjálù ló rí. Wọ́n gé ẹ̀ka igi kó lè ṣíji bo àwọn ọ̀gá tó ti ìlú ńlá wá, wọ́n fi igi ìdáná àdúgbò wa àti ti ẹ̀gbẹ́ wa se oúnjẹ àlejò títí ó fi di pé àwa náà ń ṣa kùkù àgbàdo dáná. Agolo sàdíìnì gún ọmọ lẹ́sẹ̀ káàkiri. Òróró dúdú tí wọ́n dà nù láti inú gúrúùpù, orí àpáta ni wọ́n dà á sí, òjò àkọ́rọ̀ sì gbá a sínú ihò àpáta tí à ń pọn omi mímu. Bí o bá bu omi báyìí, ojú rẹ̀ á máa dán, á ní àwọ̀ bí ọrùn ẹyẹlé. Inú run wá, ọmọdé àtàgbà. Ṣé ìran wíwò ló yẹ kó gba omi lẹ́nu ènìyàn?

Ẹ wò ó, ọkọ mi ni Délégué, aṣojú ìjọba, ládùúgbò wa. Òun ló jókòó tì í, ó sì ṣòfin bí Ọ̀sẹ̀ Sínímà ò ṣe ní ba ilẹ̀ jẹ́ mọ́. Inú ewé ni gbogbo èèyàn á ti jẹun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé agolo wá, ewé náà á sì di ti ewúrẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí kálukú gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ láti ilé. Kí ọkọ̀ akérò dúró lójú ọ̀nà ọ̀dà, kí a fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Kí wọ́n da òróró dúdú padà sínú àgbá, kó bá ọkọ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé igi tútù, bó ti wù kó kéré mọ. Òfin náà dára! Ẹnu mi yìí ni mo fi yìn ín, mo sì tún ń yìn ín títí di òní, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òfin ni mo ń bá jà. Àwọn ọ̀gá gbọ́, wọ́n ní irú èyí ni kí gbogbo ibi tí sínímà bá dé máa ṣe. Ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ kan tó fi kún un. Ẹni tó bá rú òfin, iwájú aṣọ funfun náà ló máa dúró sí pẹ̀lú ohun tó fi ba ilẹ̀ jẹ́, kí sínímà máa kọjá lára rẹ̀ títí tí yóò fi tán. Ọkùnrin kan tó gbé agolo wá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Wọ́n so agolo mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń ró wọnjan-wọnjan bó ṣe ń mí, a sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹgba tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ igi ló wá kù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó gbọ́dọ̀ máa gbé igi ìdáná lọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi àna là ń pè é. Bó ti wù kó o jẹ́ ọ̀gá tó, bó ò gbé igi àna, ìyá ìyàwó rẹ á máa ṣẹ́ igi fúnra rẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa bi í léèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ti di opó. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti di Délégué, kò gbé ẹyọ igi kan dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Ó ní ìpàdé ni, ó ní iṣẹ́ ìlú ni. Ìyá mi ń ṣẹ́ igi tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Ọ̀sẹ̀ Sínímà kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń to ibi tí àwọn ọ̀gá máa jókòó sí, ọkọ mi sì rí i pé igi irú méjì tó wà níbẹ̀ dí ojú àga wọn, wọn ò ní rí aṣọ funfun náà dáadáa. Ó ní kí wọ́n gé e. Òfin ti jáde o, òun fúnra rẹ̀ ló kà á sétí wa! Ó wá wọlé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí n yọ̀, òun ti rí igi àna gbé fún ìyá mi nígbẹ̀yìngbẹ́yín. Ó kó o ránṣẹ́, èmi náà sì bá wọn tò ó sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi.

Ṣé ẹ mọ irú igi tó jẹ́? Ibi tí ìyá mi ti ń ṣa èso irú látìgbà tó ti wà ní ìyàwó nìyẹn. Irú ló ń ṣe tà, irú ló fi tọ́ wa. Bó ṣe fọwọ́ kan èèpo igi náà báyìí ló mọ̀ ọ́n. Ó dúró, ó ń fọwọ́ pa á, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá ní kí n kí àna òun, kí n ní ó ṣeun. Kí ló tún lè sọ? A kì í kọ igi àna. Ẹni tó bá kọ igi àna, ohun tó ń wí ni pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà. Kò sì dáná rẹ̀ o, ẹ fi èyí sọ́kàn, kò fi ẹyọ kan nínú igi yẹn dáná títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ tí sínímà máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kan láti ìlú ńlá dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, ó ń rìn káàkiri, ó ń yìn wá, àfi bó ṣe rí kùkùté méjì lẹ́yìn àga tirẹ̀ gan-an, omi igi ṣì ń sun lára rẹ̀. Ó bi ọkọ mi ta ló gé e. Èmi ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo rí ojú rẹ̀. Kò gbọ̀n, kò kólòlò. Ó ní kí ọ̀gá jókòó, kí wọ́n tó tan gúrúùpù òun á ti mú ọ̀daràn náà wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni ń wá nǹkan! Kò yà wo ilé ẹlòmíràn kí ó lè jọ òótọ́. Ẹsẹ̀ kan náà ló fi gbọ̀nà ilé ìyá mi lọ, bí ẹni lọ mú ẹran tó so mọ́lẹ̀. Ẹni tó ju òkò ló mọ ibi tó bọ́ sí.

Àwọn géńdé tó máa ń tẹ̀lé ọkọ mi fà á jáde, wọ́n kó igi náà jáde tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìyá mi ní láti sọ. Kó ṣáà nawọ́ sí i, kó ní ẹ bi àna mi. Kò sọ ọ́. Àna kì í tú àna síhòòhò lọ́jà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó ṣe kọ́ wa náà nìyẹn. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé igi kà á lórí, igi tútù, tó wúwo bí òkúta, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣu òṣùká. Ó sì dúró síwájú aṣọ funfun yẹn. Sínímà ọjọ́ náà, ti ìkórè nílẹ̀ òkèèrè ni, àwọn obìnrin sanra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé ọkà, ẹ̀rín wọn ń sáré kọjá lójú ìyá mi, ọkà wọn ń kọjá láyà rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń pariwo pé kó sún, wọn ò ríran. Ọkọ mi dúró ti ẹ̀rọ, ó ń fi Faransé ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá, ó wá ń fi èdè wa sọ fún wa pé, ẹ wò ó, ọ̀tá igbó rèé, bí ọ̀tá Révolution ṣe ń rí nìyẹn. Mo dìde. Oyún ọmọ mi ìkẹyìn ń bẹ nínú mi, mo dìde bẹ́ẹ̀. Ìyá mi rí mi láti abẹ́ igi, nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó sì mi orí sí mi díẹ̀ báyìí, bí igi tó wà lórí rẹ̀ ṣe gbà á láyè mọ. Mo tún jókòó. Ṣé ẹ̀yin ì bá jókòó?

Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó ra irú lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ládùúgbò. Wọ́n ní irú olè ni. Àwọn ọmọ kéékèèké ti fi í kọrin, ọmọ tèmi náà ti kọ ọ́ délé láìmọ̀ pé ìyá àgbà òun ni wọ́n ń wí. Igi tó ń ṣa ti di kùkùté, àfi kó rìn títí dé ọ̀nà Paouignan kó tó rí èso tọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣoko ní Tré ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá kó kúrò níbi tí wọ́n ti pè é lólè, ó ti jẹ́wọ́ olè.

Èmi náà ò dákẹ́ tán, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Mo ń pa òfin mọ́. Ọkọ mi ní a kò gbọdọ̀ gé igi, àbí? Ó dáa. Iná igi ò jó nínú ilé rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nínú ọyẹ́, omi tútù ló ń fi wẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ké nínú balùwẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi nínú. Gàrí àná, ẹ̀kọ tútù, iṣu tí iná ewé gbígbẹ nìkan fọwọ́ kàn, inú rẹ̀ ń ró kùrùmù-kùrùmù lẹ́nu. Àwọn ọmọ ń jẹun gbígbóná nílé ọ̀rẹ́ mi yìí. Ọkọ mi ti gbẹ, ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi okùn so. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n se ẹ̀kọ gbígbóná fún òun lẹ́ẹ̀kan péré. Mo nàró, mo ní La lutte continue, camarade, gbólóhùn tirẹ̀ nípàdé pé ìjà ń tẹ̀ síwájú. Ẹjọ́ wo ló fẹ́ rò? Kó lọ sọ nípàdé pé ìyàwó òun ń pa òfin òun mọ́ jù? Mo mọ̀ pé ìkà ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ kọ ìyẹn sí mi.

Ṣùgbọ́n èyí tó dé yìí ló ju tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ Sínímà ti tún ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọ̀gá ńlá gan-an ló ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fojú rí sínímà tí kì í ba ilẹ̀ jẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, bó bá sì dùn mọ́ wọn wọ́n á gbé ọkọ mi lọ sípò ní Cotonou. Wọ́n ti gbọ́ nípa arúgbó onígi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Ọkọ mi wá jókòó tì mí níbi tó ti ń rẹ gàrí, ó ní kí ìyá mi tún wá dúró síwájú aṣọ, kí wọ́n gbé igi kà á lórí bíi ti ìjọsí, kí ó wá sọ ọ́ kalẹ̀, kó tọrọ àforíjì, kó gbin ọ̀dọ́ igi kan lójú àwọn àlejò. Ó ní ẹni tó máa gbé igi náà kà á lórí, èmi ni. Ó ní bí ọmọ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀ nítorí igbó, gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ti wọlé. Bí ẹni ní kí n bá òun mú iyọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó ní kò ní pẹ́.

Mo sáré lọ bá ìyá mi, mo ní ó ti tó, mo ní bí wọ́n bá ti pé jọ, èmi á gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, kí ọkọ mi náà dúró síbi tí ìyá mi dúró sí, kí sínímà wá kọjá lójú tiẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá mi fi dá mi lóhùn. Ó ní bí mo bá sọ ọ́, òun á sẹ́ mi. Ó ní òun á búra lójú gbogbo ìlú pé òun lòun gé igi, pé òpùrọ́ lòun bí. Mo ní kí ló dé? Ó ní àwọn tí wọ́n ń kó lọ láyé yìí kì í tètè dé, àwọn ọmọ mi ṣì kéré, àti pé ìtìjú tí òun ti jẹ, òun jẹ ẹ́ kí ilé mi má bàa tú, kí n má wá sọ ọ́ di ìyà àjẹgbé. Ó tún fà mí lọ síbi kùkùté. Ọ̀kan nínú wọn ti rú, ewé tuntun ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ń da omi ìfọwọ́ sí i bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ó ní bí mo bá tú àṣírí ọkọ mi, wọ́n á ní onírọ́ ló ṣòfin, wọ́n á da òfin nù, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún gé èyí, wọ́n á tún da òróró sómi. Inú bí mi. Mo fẹ́ fa ewé yẹn tu níwájú rẹ̀! Ẹ̀ka igi kékeré ló kà sí ju ara rẹ̀ lọ, àbí èmi ni kò yé?

Mo ti rò ó títí. Bí mo bá kọ̀, àwọn géńdé ọkọ mi ló máa gbé igi náà kà á lórí, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń gbé e. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìyá mi á sọ mí di òpùrọ́. Bí mo bá kó àwọn ọmọ bá ọkọ̀ olóbì sá wá sọ́dọ̀ yín, ìyá mi nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún wọn. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n kó gbogbo igi náà tí wọ́n dá padà sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi, kí n fi se oúnjẹ gbígbóná kan ṣoṣo yẹn tí ọkọ mi ń bẹ̀ mí fún, kó jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ ohun tí mo fi sè é fún un. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín níbí, ó wá sunkún. Ṣùgbọ́n igi ò tán nígbó, wọ́n á wá òmíràn.

Èyí tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé bí mo ṣe ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi pè mí padà. Ó ní kí n má ṣèyọnu púpọ̀, igi náà ti gbẹ báyìí, kò wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ya etí ìró rẹ̀ tó dáa jù, ó ká a, ó ní kí n fi ṣe òṣùká fún òun lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ti ìjọsí ò fún òun láyè, orí ń ro òun títí di ìsinsìnyí. Òṣùká náà ń bẹ lórí itan mi bí mo ṣe jókòó yìí, mo ti ṣu ú tán. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé igi náà kà á lórí?